Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Náà Fi Imú Ara Rẹ̀ Mọ Wisikí Írẹ́lándì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àfaradà. Orí fóònù ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín níbi tí mo wà ní gúúsù Írẹ́lándì yìí, mi ò sì í fo ojú ìwé tí ẹ ti ń dáhùn ìbéèrè àwọn òǹkàwé. Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ̀wé sí yín pé ọ̀gá òun fún òun ní ìgò wisikí Írẹ́lándì kan, pé òun ò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, báwo ni kí òun ṣe bẹ̀rẹ̀? Ìdáhùn tí ẹ fún un kò gùn. Ẹ ní èyí tí wọ́n bá ti sè lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn èyí tí iná ti sọ di oru tí oru náà sì padà di omi nígbà mẹ́ta, ni ojúlówó. Ẹ ní bí ó bá ṣe pẹ́ nínú ìgò tó ni yóò ṣe dùn tó. Ẹ sì ní kí ó máa wo iye ọdún tí wọ́n kọ sára ìgò kó tó ná owó rẹ̀. Ẹ má bínú sí mi, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí máa sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ìbéèrè ọmọ náà dára, ó yẹ kó gba ìdáhùn tó kún.

Ọmọ Ìkálẹ̀ ni mí, láti agbègbè Òkìtìpupa. Ìyá tó bí ìyá mi ta ògógóró títí ó fi darúgbó, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọtí ní òórùn tó yàtọ̀ síra. Kò ní san owó kẹ́ẹ̀gì kan láìjẹ́ pé ó rọ díẹ̀ sínú ìgò, ó mì í, ó wo bí ìfófó rẹ̀ ṣe pẹ́ tó kó tó pòórá, ó sì gbóòórùn rẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. Lónìí, ilé ọtí kan nílùú Cork ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń jókòó ti àwọn àlejò tó bá fẹ́ tọ́ wisikí wò, tí màá sì ṣàlàyé ohun tó wà níwájú wọn. Midleton, níbi tí wọ́n ti ń pọn Jameson, kò jìnnà sí wa, ọkọ̀ ojú irin ni à ń wọ̀ débẹ̀.

Kí ń tó wọ inú ọ̀rọ̀: ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á láyè, aláboyún, ọmọ tí kò tíì tó ọjọ́ orí, ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀, lẹ́tà yìí kò pè wọ́n wá síbi ọtí. Ẹni tó ti ń mu ún, tàbí tí wọ́n ti gbé e fún, ni mo ń bá sọ̀rọ̀, kí ó lè mu díẹ̀, kí ó sì mọ ohun tó ń mu.

Òfin ló sọ ohun tó lè máa jẹ́ wisikí Írẹ́lándì. Ọkà ni wọ́n fi ń ṣe é. Erékùṣù Írẹ́lándì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti sè é, ibẹ̀ náà ni ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú àgbá onígi fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, àgbá tí kò gbà ju lítà 700 lọ. Nígbà tí wọ́n bá rọ ọ́ sí ìgò, agbára rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Erékùṣù ni mo wí, kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Abẹ́ ìjọba Ìlú Ọba ni ilé ìpọntí Bushmills wà, ní County Antrim lókè àríwá, wisikí Írẹ́lándì sì ni bí ti Midleton ṣe jẹ́. Ẹ wo òfin náà dáadáa, kò sọ pé ó di dandan kí wọ́n sè é lẹ́ẹ̀mẹta. Àṣà ni. Ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí ló ń tẹ̀ lé e, ó sì máa ń jẹ́ kí ọtí náà rọ̀ lọ́fun. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń sè wisikí Connemara, tó ní òórùn èéfín nítorí ilẹ̀ ẹrẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n fi dáná sábẹ́ ọkà rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Írẹ́lándì. Ní Skọ́tlándì ẹ̀wẹ̀, wisikí Auchentoshan wà tí wọ́n ń sè lẹ́ẹ̀mẹta. Tí ọmọ yẹn bá ń fi iye ìgbà tí wọ́n sè é wá ojúlówó, yóò sọ ojúlówó nù, yóò sì gbé ará Skọ́tlándì wálé.

Ọ̀rọ̀ pípẹ́ nínú ìgò ló yà mí lẹ́nu jù, nítorí mo ti rí àwọn ènìyàn wa tó gbé ìgò pamọ́ sínú àpótí láti ìgbà ìgbéyàwó wọn, tí wọ́n rò pé ó ń dàgbà. Inú igi ni wisikí ti ń dàgbà. Bó ṣe bọ́ sínú ìgò báyìí, ó ti parí. Ìgò ọlọ́dún 12 tí ẹnì kan rà ní 1990, ọlọ́dún 12 náà ni títí dòní. Nígbà tí ọtí yìí bá kọ́kọ́ jáde láti inú ìkòkò, kò ní àwọ̀ kankan, ó mọ́ kedere bí omi. Igi ló fún un ní àwọ̀, igi ló sì fún un ní ọ̀pọ̀ adùn tí à ń tọ́ wò. Ibi tí igi náà ti wá ṣe kókó. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé àgbá igi óákù tuntun tí wọ́n fi iná sun inú rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe bourbon, wisikí tiwọn, nítorí náà, bí wọ́n bá ti lo àgbá náà tán, wọ́n á tà á, àwọn ará Írẹ́lándì á sì rà á. Èyí ló máa ń fún wisikí ní òórùn fànílà, oyin àti àgbọn. Àwọn àgbá mìíràn ń ti ìlú Jerez ní Spéìn wá, wáìnì sherry ti wà nínú wọn rí, ìyẹn sì máa ń mú òórùn èso gbígbẹ àti ẹ̀pà wá. Lọ́dọọdún tí ọtí bá fi wà nínú àgbá, nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ máa ń fẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí ọlọ́dún 21 fi máa ń wọ́n. Ohun tó ti lọ sínú afẹ́fẹ́ wà nínú owó tí ẹ ń san.

Ní ti nọ́ńbà ara ìgò: ọjọ́ orí ọtí tó kéré jù nínú ìgò náà ni. Ó ń sọ iye ọdún tó fi wà nínú igi, kò sọ pé igi náà dára. Igi tó ti gbó, tí wọ́n ti lò títí tí kò ní nǹkan kan mọ́, ọdún 20 nínú rẹ̀ kò lè tó ọdún méje nínú igi tó dára. Wisikí kan tó ń jẹ́ Green Spot kò ní nọ́ńbà ọdún kankan lára, ọ̀kan nínú àwọn tí mo fẹ́ràn jù sì ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni 1608 tó wà lára ìgò Bushmills kì í ṣe ọdún tí ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ní 1608, Ọba James fún Sir Thomas Phillips ní àṣẹ láti máa pọn ọtí ní agbègbè náà. Ilé ìpọntí Bushmills gan-an, 1784 ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bushmills dára gan-an, mo máa ń gbé e fún àlejò. Àmọ́ ọtí inú rẹ̀ ni kí wọ́n fi yìn ín.

Ohun tó dùn mí jù ni èyí tí ẹ kò mẹ́nu bà rárá, wisikí tí wọ́n ń pè ní single pot still, nítorí òun gan-an ni Írẹ́lándì fi yàtọ̀. Ẹni tó bá ti dé ẹ̀bá omi ní Ìlàjẹ tàbí ọ̀dọ̀ wa ní Ìkálẹ̀ ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe ògógóró: ẹmu tó ti kan nínú àgbá lórí iná, páìpù tó gba inú omi tútù kọjá, oru tó padà di omi, tó ń kán tó, tó, tó sínú ìgò. Iṣẹ́ kan náà ni ìkòkò bàbà ń ṣe níbí. Nínú ọgbà ilé ìpọntí àtijọ́ ní Midleton, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1825, ìkòkò kan ṣì wà tó gba gálọ́ọ̀nù tó lé ní 31,000, òun ni wọ́n kà sí ìkòkò ọtí tó tóbi jù láyé. Wọn ò fi sè nǹkan kan mọ́, àmọ́ ẹni tó bá dúró ti ìdí rẹ̀ á mọ̀ pé àwọn tó kọ́ ibẹ̀ kò wá ṣeré.

Ọkà báálì ló ń wọ inú ìkòkò yìí. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù, wọ́n á wá fi ooru dá híhù náà dúró, wọ́n á sì gbẹ ẹ́. Èyí ni mọ́ọ̀tì. Híhù yìí ló máa jẹ́ kí sítáàṣì inú ọkà lè di ṣúgà, tí ìwúkàrà á sì wá sọ ṣúgà náà di ọtí. Bí wọ́n bá fi mọ́ọ̀tì nìkan ṣe é nínú ìkòkò bàbà ní ilé ìpọntí kan ṣoṣo, single malt ni. Ṣùgbọ́n ní 1785, ìjọba gbé owó-orí lé mọ́ọ̀tì. Àwọn oníṣẹ́ ọtí bá bẹ̀rẹ̀ sí í da ọkà báálì tútù tí kò tíì hù pọ̀ mọ́ mọ́ọ̀tì, kí owó-orí wọn lè dín. Nítorí owó-orí ni àṣà náà ṣe gbilẹ̀ bẹ́ẹ̀, adùn tó ti ibẹ̀ jáde ló sì mú kí wọ́n má fi í sílẹ̀ mọ́. Single pot still ni wọ́n ń pè é. Òfin òde òní sọ pé ó kéré tán, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ mọ́ọ̀tì, ìdá 30 gbọ́dọ̀ jẹ́ báálì tí kò hù, ọkà mìíràn kò sì gbọdọ̀ ju ìdá márùn-ún lọ.

Báwo ni ó ṣe rí lẹ́nu? Ó nípọn. Ó máa ń yọ̀ lórí ahọ́n, ó máa ń bo gbogbo ẹnu, lẹ́yìn náà ni ata á wá dé, kì í ṣe ata rodo o, ata ilẹ̀ àti kànáfùrù ni. Nígbà tí ẹ bá ti gbé e mì, ata náà ṣì máa wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè fi ojú dídì yà á sọ́tọ̀ láàárín ìgò mẹ́wàá. Redbreast ọlọ́dún 12, Green Spot àti Powers John's Lane wà lára rẹ̀. Ìdílé Mitchell tó ń ta wáìnì ní Dublin ló bẹ̀rẹ̀ Green Spot: láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ra ọtí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ìkòkò, wọ́n á rọ ọ́ sínú àgbá tiwọn, wọ́n á sì fi ọ̀dà kan àgbá náà kí wọ́n lè mọ iye ọdún tí wọ́n fẹ́ fi í sílẹ̀. Búlúù jẹ́ ọdún 7, àwọ̀ ewé jẹ́ 10, yẹ́lò jẹ́ 12, pupa jẹ́ 15.

Irú wisikí méjì yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Grain whiskey wà, tí wọ́n máa ń fi àgbàdo tàbí àlìkámà ṣe nínú ẹ̀rọ olópòó gíga, ó fúyẹ́, ó sì rọrùn. Blend ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n bá po irú kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Jameson tí gbogbo wa mọ̀ ní Èkó, pot still àti grain ni wọ́n pò pọ̀.

Ẹ̀rọ olópòó yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa pot still run, ọmọ ilẹ̀ Írẹ́lándì ló sì sọ ọ́ di ohun tí ayé ń lò. Orúkọ rẹ̀ ni Aeneas Coffey. Agbowó-orí ọtí ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa lé àwọn tó ń ṣe poitín kiri. Poitín yìí ni ògógóró tiwọn, ìjọba lòdì sí i láti 1661, ó sì di 1997 kí wọ́n tó gbà kí wọ́n máa tà á ní gbangba ní Írẹ́lándì. (Ẹ̀yin tó bá rántí ohun tí ojú àwọn ìyá wa rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá amúnisìn nítorí ògógóró, ẹ máa mọ ìdí tí inú mi fi máa ń rọ̀ sí àwọn oní-poitín.) Ní 1810, àwọn ènìyàn lu Coffey ní Donegal, wọ́n gún un, díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Ní 1830, ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń sè ọtí láìdúró: iná kì í kú, kò sí pé à ń dà á jáde ká tó da òmíràn sí i. Àwọn ìdílé ńlá tó ń pọn ọtí ní Dublin kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ohun tó ń ti inú rẹ̀ jáde kò ní adùn, kò yẹ kó máa jẹ́ wisikí. Àwọn ará Skọ́tlándì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n po ọtí rẹ̀ mọ́ tiwọn, wọ́n tà á ní pọ́ọ́kú káàkiri ayé. Mo gbà pé òótọ́ ni àwọn ará Dublin sọ nípa adùn. Ṣùgbọ́n ọjà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní 1887, ilé ìpọntí 28 ló wà ní Írẹ́lándì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ogun òmìnira 1919 sí 1921 dé, Amẹ́ríkà fòfin de ọtí láti 1920 sí 1933, ìjà lórí owó-orí ọjà sì bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú Ìlú Ọba láàárín àwọn ọdún 1930. Ilé kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n ń kógbá wọlé. Ní 1966, Jameson, Powers àti ilé iṣẹ́ Cork fi ara wọn papọ̀ kí wọ́n má bàa kú, ní 1975 wọ́n sì kó gbogbo iṣẹ́ wọn lọ sí ilé tuntun ní Midleton. Nígbà náà, ibi méjì péré ló kù tí wọ́n ti ń pọn wisikí ní gbogbo erékùṣù: Midleton àti Bushmills. Tí Midleton bá ti jáwọ́ nínú ọkà báálì tútù nígbà yẹn, pot still ì bá ti di ìtàn. Wọn ò jáwọ́. Ní 1987, John Teeling dá ilé ìpọntí Cooley sílẹ̀. Ní Kilbeggan, níbi tí wọ́n ti ń pọn ọtí láti 1757, àwọn ará ìlú ń san owó àṣẹ ilé ìpọntí wọn nígbà tí kò sí iná lábẹ́ ìkòkò kankan níbẹ̀, títí iṣẹ́ fi tún bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Lónìí, ilé ìpọntí tó wà ní erékùṣù yìí ti lé ní 40. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nípa pot still bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹbí rẹ̀ wà nílẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tọ́ ọ wò.

Ife ni kí ọmọ náà kọ́kọ́ wá. Kó má lo ife fífẹ̀ tí à ń fi mu omi, nítorí òórùn á kàn fò lọ ni. Kó wá ife tí ikùn rẹ̀ fẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì fún. Ife wáìnì kékeré ti tó. Òṣùwọ̀n ilé ọtí níbí jẹ́ mílílítà 35.5, ìdajì rẹ̀ ti tó fún ìtọ́wò. Kó jẹun kó tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kó má jẹ ọbẹ̀ aláta lọ́jọ́ náà títí yóò fi parí, kó má sì fín lọ́fíńdà. Kó gbé omi tútù jọ́ọ̀gì kan sí ẹ̀gbẹ́.

Imú ni iṣẹ́ wà jù. Kó má ki imú bọ inú ife lójijì, agbára ọtí á ta á, kò sì ní gbọ́ òórùn mìíràn mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Kó gbé ife náà dé ibi àgbọ̀n, kó la ẹnu díẹ̀, kó wá fa afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́. Kó gbé e kúrò. Kó tún padà síbẹ̀. Ní ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin ni àwọn òórùn á máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sídìí fún ìkánjú.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ó gbọ́ mi dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ti máa ń rò pé nǹkan yìí kì í ṣe tiwọn. Ìwé tí a máa ń fún àlejò níbí kún fún èso kérí, bísíkíìtì, àkàrà Kérésìmesì. Ẹni tí kò jẹ àkàrà Kérésìmesì rí kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀, kò sì yẹ kó díbọ́n. Ohun tí imú yín mọ̀ láti kékeré ni kí ẹ fi sọ̀rọ̀. Nínú Redbreast ọlọ́dún 12, ohun tí èmi ń gbọ́ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, ẹ̀pà sísun, kànáfùrù. Nínú Green Spot, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ àti gúáfà tó ṣì le. Nínú Bushmills ọlọ́dún 10, oyin àti búrẹ́dì gbígbóná. Connemara ń mú mi rántí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí àrò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹja yìí níwájú ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, ó gbóòórùn ife tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mi orí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ohun tiwa ṣàlàyé fún ọmọ wa tó bá wọlé, kì í sì í pẹ́ kí ojú wọn tó là.

Lẹ́yìn imú ni ẹnu. Kó mu ìwọ̀nba tó lè bo ahọ́n, kó jẹ́ kó dúró díẹ̀, kó yí i kiri kó tó gbé e mì. Kó má ka ti àkọ́kọ́ sí, ẹnu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n ni, iná ọtí ló máa gbọ́. Èkejì ló máa sọ̀rọ̀. Kó kíyè sí bó ṣe rí lórí ahọ́n, bóyá ó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ó nípọn, kó sì fetí sí ohun tó kù lọ́fun lẹ́yìn tó ti gbé e mì. Ọ̀pọ̀ wisikí olówó kékeré máa ń dùn níwájú, kí ó sì pòórá. Pot still tó dára kì í tètè lọ. Lẹ́yìn èyí, kó kán omi díẹ̀ sí i, bí ìdajì ṣíbí tíì, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti imú. Ọtí tó ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀ lè wá ṣí sílẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú omi. Àwọn tó ń po wisikí níbí pàápàá máa ń bomi là á kí wọ́n tó gbóòórùn rẹ̀. Yìnyín ni mi ò fẹ́, ó máa ń pa òórùn mọ́lẹ̀, á sì mú ahọ́n kú. Ní ti Kóòkì, òmìnira olówó ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi ẹnu tí Kóòkì ti gbà mọ ohun tó wà nínú ìgò, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀ sí Redbreast. Ẹni tó bá fẹ́ po nǹkan mọ́ wisikí rẹ̀, kó po kọfí gbígbóná, ṣúgà àti ìpara wàrà mọ́ ọn bí alásè kan tó ń jẹ́ Joe Sheridan ṣe ṣe fún àwọn arìnrìn-àjò ní Foynes, nílẹ̀ Írẹ́lándì níbí, ní 1943.

Kí ó má dá nìkan ṣe é. Kí ó pe ọ̀rẹ́ méjì, kí kálukú mú ìgò kan wá: blend bíi Jameson tàbí Powers, single malt bíi Bushmills ọlọ́dún 10, àti pot still kan, Green Spot tàbí Redbreast. Kí wọ́n to ife mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó fúyẹ́ jù. Lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹnì kan rọ ọ́, kí ó gbé ìgò pamọ́, kí àwọn yòókù má mọ èwo ni èwo. Mo ti rí ọkùnrin ọmọ Ìbàdàn kan tó wá sí ilé ọtí wa, tó ní òun kì í mu ohun tí owó rẹ̀ kò bá ga. Mo rọ ife mẹ́rin fún un láìfi ìgò hàn án. Powers lásán ló yàn, ó sì padà sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra ìgò kan lọ sílé, inú mi dùn sí i, nítorí ẹnu rẹ̀ ló gbọ́.

Kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa dúró. Ní oṣù kẹfà 1875, ilé ìkóọtísí kan gbiná ní agbègbè Liberties ní Dublin, wisikí tó ń jó ṣàn ní títì bí omi òjò. Àwọn ènìyàn jáde, wọ́n ń fi fìlà àti bàtà bù ú mu. Ènìyàn 13 ló kú. Iná kò pa ẹnì kankan nínú wọn, ọtí tí wọ́n mu ló pa gbogbo wọn. Ife mẹ́ta kéékèèké tí mo ní kí wọ́n tò yẹn, òun ni ti alẹ́ ọjọ́ náà. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń tu èyí tó pọ̀ dànù sínú ìkòkò ìtutọ́ lẹ́yìn tí a bá ti tọ́ ọ wò, kò sì tàbùkù ẹnikẹ́ni.

Olóòtú, ọmọ náà kò dárúkọ ìgò tí ọ̀gá rẹ̀ fún un. Kó wo ìdérí rẹ̀ dáadáa kó lè rí i pé wọn kò tíì ṣí i rí. Bí wọ́n bá kọ single pot still sára rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, kó má gbé e lọ sí ibi ayẹyẹ. Bí ó bá jẹ́ Jameson, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kó sì máa wá ata ilẹ̀ kékeré tó wà lábẹ́ adùn fànílà rẹ̀, pot still inú rẹ̀ nìyẹn. Kó gbé ìgò náà dúró, kó má fi í lélẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bíi ti wáìnì, nítorí ọtí líle máa ń jẹ kọ́ọ̀kì. Kó gbé e síbi tí oòrùn kò dé. Nígbà tó bá ti ṣí i, tó sì ti mu ún kọjá ìdajì, kó má fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, afẹ́fẹ́ inú ìgò á máa gba òórùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí sí ojú ìwé kan náà tí ìdáhùn àkọ́kọ́ wà, kí ó lè rí i.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọbìnrin Ìkálẹ̀ kan,
Cork, Írẹ́lándì